Ìyẹ̀fun Ìtura Oríkèé

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Ọmọ́bọ́láńlé Ògúndélé ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kò sì sí ohun ẹ̀gbin kan tó ń jáde lára ọmọ ènìyàn tí kò tíì fọwọ́ ara rẹ̀ nù rí. Ó ti kó ìgbẹ́, ó ti gbọ́n èébì, ó ti fún ọyún jáde nínú eéwo tó wú bí àgbálùmọ̀, kó sì lọ jẹun ọ̀sán rẹ̀ láìsí wàhálà. Bí nọ́ọ̀sì kékeré kan bá fọwọ́ bomú, á ní, "Ara lásán ni. Ara kì í purọ́. Ohun tó ń ṣe é ló ń tì jáde yẹn." Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìríra wá dé bá a lóòótọ́, tí kò lè gbé òkèlè sẹ́nu fún ọjọ́ méjì gbáko, kì í ṣe ara aláìsàn kankan ló fà á.

Ilé ìwòsàn Dókítà Ayọ̀rìndé ní Òkè-Ìlá, ní Adó, ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìnlá. Kí á má purọ́ mọ́ dókítà, kì í ṣe ènìyànkénìyàn látilẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí ìdajì àwọn ọmọ tó wà ládùúgbò yẹn sí. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni èrò ti ń fà sẹ́yìn níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń polówó oògùn lórí rédíò lọ, wọ́n ń ra èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Fájuyì. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ́yìn yọ tán ni wọ́n tó ń gbé aláìsàn wá sí ọsibítù.

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kejì, dókítà pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, àwọn kò ní máa wo àìsàn nìkan mọ́, ènìyàn odindi ni àwọn yóò máa wò: ara rẹ̀, ọkàn rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀. Ó ní pásítọ̀ yóò máa wá gbàdúrà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fadá yóò máa wá lọ́jọ́bọ̀, àwọn yóò sì gbé ègbòogi ìbílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn òyìnbó, kí aláìsàn lè rí méjèèjì gbà lábẹ́ òrùlé kan náà. Ó ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ ọ́.

Ọmọ́bọ́láńlé ló kọ́kọ́ dìde. Kò gbọ́ ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìyá tirẹ̀, Ayọ̀níkẹ́, tó wà ní Igbemo, ewé ló fi tọ́ ọmọ mẹ́fà, ewé ló sì fi ń ran gbogbo àdúgbò lọ́wọ́ títí di òní. Ó sì tún rántí ọkùnrin kan tó fi ìgò àgbo pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó ń mu ún mọ́ oògùn àwọn, tí kíndìnrín rẹ̀ sì ti bàjẹ́ kí àwọn tó mọ̀.

"Bí a bá gbé e wá sójú ìmọ́lẹ̀," ó ní, "a ó mọ ohun tí wọ́n ń mu. A ó lè sọ fún wọn pé èyí dára, èyí kò dára. Ọ̀rọ̀ tí a fi pamọ́ ló ń pa ènìyàn."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Dókítà rẹ́rìn-ín sí i. "Ẹ ṣé, Síìstà. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa bójú tó ẹ̀ka náà."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọkùnrin tó ń jẹ́ Adéolúwa dé. Kò ju ẹni ogójì ọdún lọ, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ̀wù funfun rẹ̀ gùn ju ti dókítà lọ, lọ́fíńdà rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó ní kí wọ́n máa pe òun náà ní dókítà. Kò sẹ́ni tó bi í pé ilé ẹ̀kọ́ wo ló ti gbà á. Ohun tó kó wá ni ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀ kan nínú ike funfun, wọ́n ya bàbá arúgbó tó mú ewé lọ́wọ́ sára rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé: Ìtura Oríkèé. Ewé àti egbò nìkan. Kò ní oògùn òyìnbó kankan nínú.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," Ọmọ́bọ́láńlé bi í, "ewé wo ló wà nínú rẹ̀? Mo fẹ́ máa kọ ọ́ sínú fáìlì aláìsàn."

Adéolúwa rẹ́rìn-ín. "Ewé mẹ́tàdínlógún ni, Síìstà. Àṣírí ilé bàbá mi ni. Ṣé ẹ máa ń bi àwọn òyìnbó bí wọ́n ṣe ń po tiwọn ni?"

"A kì í bi wọ́n, sà. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí."

Kí ọkùnrin náà tó fèsì, dókítà ti dá sí i. "A ti yẹ̀ ẹ́ wò, Síìstà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó sì fọkàn balẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán, ibẹ̀ yẹn ló máa ń padà sí lọ́kàn rẹ̀, tí yóò máa yí i sọ́tùn-ún sósì. Wọn kò yí i lérò padà rárá. Kò dá a lójú ní ìṣẹ́jú yẹn. Ó kàn rí i pé dídákẹ́ rọrùn ju bíbéèrè lẹ́ẹ̀kejì lọ ni.

Nínú oṣù Kẹta ni Màmá Tíṣà wá. Ẹ̀bùnọlá Ọládipúpọ̀ lorúkọ wọn, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ló kọ́ Ọmọ́bọ́láńlé ní kíláàsì kẹrin. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì ń bá a gbé bí ẹni ń bá aládùúgbò oníjà gbé, pẹ̀lú ọgbọ́n: wọ́n ń ṣọ́ ẹnu, wọ́n ń lo oògùn wọn lákòókò, wọ́n sì ń kọ iye ṣúgà wọn sínú ìwé kékeré kan láràárọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó gún bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Orúnkún ni ìṣòro wọn. Àkàsọ̀ ilé ìjọsìn ti di òkè fún wọn.

Wọ́n ti rí dókítà, wọ́n ti gba ike náà lọ́wọ́ Adéolúwa, kí wọ́n tó yà sí ibi tábìlì Ọmọ́bọ́láńlé.

"Bọ́lá," wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, "wọ́n ní ewé ni. Ṣé kí n lò ó? O mọ̀ pé mo ní ṣúgà."

Ọmọ́bọ́láńlé gba ike náà, ó yí i lọ́wọ́, bíi pé nǹkan wà lára rẹ̀ tí òun lè kà. "Ẹ lò ó, mà. Kò léwu. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Tí o bá ti sọ bẹ́ẹ̀," ni Màmá wí, wọ́n sì fi ike náà sínú báàgì wọn.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n padà wá, ẹsẹ̀ wọn nílẹ̀ gbọingbọin, láìmú ọ̀pá. Wọ́n gun àkàsọ̀ ọsibítù náà lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì tún sọ̀ ọ́. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú wọn. Adéolúwa yọ fóònù jáde, ó ní kí Màmá tún un gùn kí òun lè ya fídíò. Ó pe Ọmọ́bọ́láńlé pé kó dúró tì wọ́n pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀, kó mú ike náà dání, kí ojú bàbá arúgbó tó wà lára rẹ̀ kọjú síta. Ó dúró. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí fídíò náà ti kiri Adó tán, ọ̀nà kò gba èrò mọ́ nílé ìwòsàn náà.

Inú Ọmọ́bọ́láńlé dùn. Ó ra ike kan fún ìyá tirẹ̀, nítorí orúnkún ń dun òun náà, ó sì gbé e lọ sí Igbemo lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ìyá náà ń fẹ́ ìrẹsì níta nígbà tó dé. Ó gba ike, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi orí ìka tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà ló tutọ́ sílẹ̀ pọ̀ọ́.

"Kí lo pe èyí?"

"Ewé ni, Yèyé. Ewé mẹ́tàdínlógún."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ìyá náà fi omi yọ́nu, ó tún tutọ́. "Bọ́lá, mo ti ń já ewé láti ùgbà tí mo ti gbọ́njú. Ewé a máa kan, a máa ta, a máa fún ahọ́n pọ̀. Bí ewúro ṣe ń korò, dóńgóyárò kì í korò bẹ́ẹ̀. Èyí tí o gbé wá yìí kò korò bí ewé kankan lórí ulẹ̀ yìí. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni. Ẹfun rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ mi léyín."

Ó bu omi sínú ife, ó da ìyẹ̀fun díẹ̀ sí i, ó fi ṣíbí rò ó, ó gbé e kalẹ̀ sórí pèpéle. Nígbà tí omi náà tòrò, ohun pípọ́n léfòó sókè bí eèpo èlùbọ́ tó jóná, ohun funfun kan sì jókòó sísàlẹ̀ ife bí ẹ̀kọ.

"Ẹni tó bá fẹ́ mu àgbo mi," ìyá náà ní, "mo máa ń mú un lọ sídìí ugi náà ni. Màá ní, wò ó, òun rèé, fọwọ́ kàn án. Bó bá jẹ́ ohun tí agbára mi ò ká, màá ní kó máa lọ ọsibítù. Ọsibítù tí mo ń rán wọn lọ náà ló wá ń ta èyí?"

 Ọmọ́bọ́láńlé gbé ife náà sókè, ó wo ohun funfun ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí.

Lọ́jọ́ Ajé, kí ó tó débi iṣẹ́, wọ́n ti gbé Màmá Tíṣà dé. Ọmọ wọn ọkùnrin, Akínbọ́lá, ló gbé wọn wá. Ọmọ́bọ́láńlé kò kọ́kọ́ dá wọn mọ̀. Ojú wọn ti wú rọ̀bọ̀tọ̀ bí òṣùpá, ọrùn wọn ti rì sínú ẹran, ẹ̀tè wọn gbẹ, wọ́n ń béèrè omi ṣáá. Akínbọ́lá ní ó tó ọjọ́ mẹ́wàá tí bàtà ti ha wọ́n lẹ́sẹ̀, egbò kékeré kan báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò dun àwọn, nítorí ìyẹ̀fun náà ti pa gbogbo ìrora. Wọn kò tilẹ̀ mọ bó ṣe ń jẹra lọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kékeré tú aṣọ tí wọ́n fi wé ẹsẹ̀ náà, ó sáré jáde. Òórùn náà kún yàrá. Ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta ti dúdú, omi tó dà bí omi ẹja kíkẹ̀ sì ń sun láàárín wọn. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ṣúgà wọn, ẹ̀rọ kò lè ka iye rẹ̀. Ó kàn kọ ọ́ pé ó ti ga kọjá ohun tí òun lè kà.

Ọmọ́bọ́láńlé fọ egbò náà láìfapá bomú. Bí ó ti ń fọ̀ ọ́ ni ojú tó wú yẹn àti ṣúgà tó fò sókè ń pa ara wọn pọ̀ lọ́kàn rẹ̀. Oògùn kan wà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní dẹ́sà. Ó máa ń pa ìrora bí idán, kò sì gbówó lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lò ó lálòjù, ojú rẹ̀ á wú, ṣúgà rẹ̀ á fò, egbò rẹ̀ kò sì ní jinná. Gbogbo nọ́ọ̀sì ló mọ̀ pé a kì í fi ṣeré fún alátọ̀gbẹ.

Aṣọ ìnura tán nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó lọ sí yàrá ìfọṣọ tó wà lẹ́yìnkùlé láti mú òmíràn. Láti ìgbà tí Adéolúwa ti dé ni wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ mọ́, pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ewé sí. Ṣùgbọ́n egbò Màmá kò ní dúró, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò rí ewé kankan. Fúnkẹ́mi, obìnrin tó ń bá Adéolúwa ṣiṣẹ́, jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń fi ṣíbí jẹ mọ́ínmọ́ín. Níwájú rẹ̀ ni ọpọ́n ìfọṣọ kan wà, èyí tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ àwọn abiyamọ tẹ́lẹ̀, tí àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èlùbọ́ tó ti bu, tí kòkòrò ń rìn nínú rẹ̀, ló kún inú ọpọ́n náà. Wọ́n ti da èédú lílọ̀ sí i kí ó lè pọ́n dúdú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìlọta kan wà, eṣinṣin bò ó, inú rẹ̀ funfun báláú. Ilẹ̀ kún fún páálí tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fún tán, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tí ń dán bí ìpẹ́ ẹja.

Ọmọ́bọ́láńlé bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ọ̀kan. Dẹ́sà ni.

"Ẹ káàárọ̀, mà," Fúnkẹ́mi kí i, láìbẹ̀rù. Ó lá ṣíbí náà mọ́, ó tì í bọ inú ọpọ́n, ó rò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú sínú ike.

Èébì gbé Ọmọ́bọ́láńlé. Ó sáré jáde, ó bì sẹ́bàá ògiri, ó bì títí kò fi ku nǹkan kan àfi omi kíkan. Ẹni tó ti fọ ẹsẹ̀ jíjẹrà láàárọ̀ yẹn láìyíjú padà ló ń fọwọ́ ti ògiri.

Ó wọ ọ́fíìsì dókítà láìkanlẹ̀kùn. Ẹ̀pà sísè ni dókítà ń jẹ.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá wo ohun tó wà ní yàrá ìfọṣọ."

Dókítà kò dìde. "Kí lẹ lọ ṣe ní yàrá ìfọṣọ?"

Ìbéèrè yẹn nìkan tó. Dókítà ti mọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀.

"Ẹ jókòó, Síìstà," ó ní. Ọmọ́bọ́láńlé kò jókòó. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ìyá kan wọlé wá, orúnkún ń dùn ún. Mo kọ tábúlẹ́ẹ̀tì fún un, ó ní rárá, oògùn òyìnbó máa bá òun jà. Mo pe tábúlẹ́ẹ̀tì kan náà ní ewé, ó lò ó, ó rìn, ó dúpẹ́. Ibo ni mo ti ṣẹ̀? Bí ọmọdé kò bá fẹ́ mu oògùn, ṣé a kì í fi oyin bò ó ni?"

"Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin kì í ṣe ọmọdé, sà. Ẹ fún alátọ̀gbẹ ní dẹ́sà láìsọ fún un."

"Adéolúwa ló yẹ kó máa bi wọ́n bóyá wọ́n ní ṣúgà."

"Wọn kò wá sílé Adéolúwa, sà. Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n wá. Ẹ̀wù funfun ni wọ́n rí tí wọ́n fi gbà gbọ́."

Dókítà gbọn eèpo ẹ̀pà kúrò ní ìka. Díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn létè, ó ń lọ, ó ń bọ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, Ọmọ́bọ́láńlé kò sì lè gbójú kúrò níbẹ̀. "Gbogbo ayé ló ń sọ pé ká má wo àìsàn nìkan, ká wo odindi ènìyàn. Ohun tí ènìyàn wa gbà gbọ́ wà lára odindi ènìyàn náà. Ìgbàgbọ́ wọn ni mo fi wò wọ́n."

"Ìgbàgbọ́ wọn lẹ jí, sà. Ẹ tún ba orúkọ ewé jẹ́ mọ́ ọn. Ìyá mi tí kò kàwé kò jẹ́ ṣe ohun tí ẹ ṣe yìí."

Ohùn dókítà yí padà. "Ẹ lọ gún un lábẹ́rẹ́ tí ń pa kòkòrò, kí ẹ ní kí ọmọ rẹ̀ máa gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Kó má kú síbí. Ẹ má mẹ́nu ba ike. Kí ẹ sì rántí pé ọwọ́ yín ló kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé ó gbà á. Ojú yín ló wà nínú fídíò."

Òótọ́ ni. Nǹkan tó mú ara rẹ̀ bù máṣọ nìyẹn, pé nínú gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí sọ, èyí nìkan ni òótọ́.

Ó padà sí yàrá Màmá. Ó ti ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lójú Akínbọ́lá: èlùbọ́, èédú, tábúlẹ́ẹ̀tì, orúkọ tábúlẹ́ẹ̀tì náà àti ohun tó ń ṣe fún ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ. Ó ní kí wọ́n má kàn ṣíwọ́ rẹ̀ lójijì o, ẹni tó ti mọ́ lára lè dákú, ó ní láti jẹ́ pé dókítà mìíràn ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Akínbọ́lá dìde, ó gbá ògiri lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ó ní òun yóò lọ fa Ayọ̀rìndé jáde. Màmá na ọwọ́ sí i pé kó jókòó.

Wọ́n wo Ọmọ́bọ́láńlé pẹ́. Ojú wọn tó wú yẹn kò lè fi ìbínú hàn dáadáa, ìyẹn ló tún burú jù.

"Bọ́lá. Mi ò bi dókítà. Mi ò bi ọkùnrin olóòórùn yẹn. Ìwọ ni mo bi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé o mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Kí ló dé tí o ò sọ pé o ò mọ̀ ọ́n? Gbólóhùn kan péré. Ǹ bá ti dá a padà fún wọn."

 Ọmọ́bọ́láńlé fi iṣẹ́ Dókítà Ayọ̀rìndé sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó bọ́ fìlà nọ́ọ̀sì rẹ̀ sórí tábìlì, ó wé ike kan àti páálí tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sínú nílọ́ọ̀nù, ó sì tẹ̀ lé Màmá àti ọmọ wọn lọ sí ọsibítù ńlá, kí àwọn dókítà ibẹ̀ lè fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń bá jà. Wọ́n tọ́jú Màmá níbẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀mí wọn kò bọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ti lọ, wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún. Orúnkún náà ṣẹ́kù, ó sì tún ń dùn wọ́n.

Ọmọ́bọ́láńlé kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ilé ìwòsàn aládàáni. Wọ́n wá ti yàrá ìfọṣọ pa, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ dókítà fún ọdún kan. Adéolúwa ti sá kí wọ́n tó dé. Fúnkẹ́mi sọ fún wọn pé òun rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe oògùn níbi gbogbo nìyẹn. Wọ́n kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí Ọmọ́bọ́láńlé náà, wọ́n ní kó má ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Àwọn kan ládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọ̀dàlẹ̀, pé ó gbé oògùn tó ń ran àwọn lọ́wọ́ kúrò nílẹ̀. Obìnrin kan dá a dúró lójú ọ̀nà Fájuyì, ó ń bi í bóyá ó mọ ibi tí òun ti lè rí ike kan péré rà, pé eegun ẹ̀yìn ń pa òun. Ọmọ́bọ́láńlé ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un, títí dórí ọpọ́n. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́, àbí?" Ìríra tó gbé e lọ́jọ́ yẹn kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀bá ògiri.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ, Akínbọ́lá pè é lórí fóònù. Kò kí i. Ó ní màmá òun ń béèrè rẹ̀.

Ó bá Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí kẹ̀kẹ́ arọ, aṣọ tẹ́ lórí itan wọn. Ojú wọn ti fọn padà, ṣùgbọ́n ṣúgà tó fò yẹn ti bá ẹyinjú wọn jà, wọn kò ríran kọ̀wé mọ́. Ọmọ́bọ́láńlé kúnlẹ̀ kí wọn. Ó béèrè bóyá òun lè bá wọn wo ojú ọgbẹ́ náà. Wọ́n ní rárá, ẹni tó ń wò ó wà.

"Jókòó," wọ́n ní. "Mú ìwé yẹn àti bírò. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kí wọ́n kà á sétí gbogbo ènìyàn. Mi ò ní kí wọ́n má mu ewé. Èmi náà ń mu ewé. Kí wọ́n má gbé ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè dárúkọ sẹ́nu ni. Èmi á máa sọ, ìwọ á máa kọ."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí wọ́n ń pe àpèkọ fún ọmọ ilé ìwé, Ọmọ́bọ́láńlé ń kọ ọ́. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé kìíní, wọ́n ní kó ka ohun tó ti kọ.

Ó kà á. "Mo béèrè bóyá ó bá ara mi mu, wọ́n sì sọ fún mi pé kò léwu..."

"Dúró níbẹ̀. Mi ò pè é báyẹn. Ta ni 'wọ́n'?"

Ọmọ́bọ́láńlé gbójú sílẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ mọ ìgbà tó kọ ọ́.

"Èmi ni, mà."

"Ṣé orúkọ rẹ nìyẹn? Àwọn tó máa gbọ́ ọ kò mọ ẹni tó ń jẹ́ 'èmi'."

Ó fagi lé ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ ọ́ sókè rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀: Ọmọ́bọ́láńlé Ògúndélé, nọ́ọ̀sì. Màmá ní kó kà á sókè. Ó kà á. Wọ́n mi orí, wọ́n sì pe gbólóhùn tó kàn.